Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ wọn: eré tí ọmọdé àti àgbà lè jọ ṣe kí àwọn òbí wa lè mọ fóònù lò

Ọmọ Láfíájì

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ bá mi dá sí i, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi ti pé ọmọ ọdún 71. Ó ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò owó, síbẹ̀ bí fóònù tí mo rà fún un bá dún, yóò ké pe ẹni tó bá wà nítòsí kí ó wá bá òun gbé e. Odidi ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ. Mo kọ ohun tí yóò ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, mo lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn fóònù, mo sì ń jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ibi tí yóò tẹ̀, ọwọ́ mi á ti nà, mo á gba fóònù náà, mo á ṣe é, mo á sì dá a padà fún un pé, “Ẹ wò ó, ó ti tán.” Ó ti tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é. Ìyá mi á ní, “O ṣé, ọmọ mi,” á sì gbé e sílẹ̀.

Ayò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 11, lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọpọ́n ayò kan wà nílé tó jẹ́ ti bàbá ìyá mi, orí rẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì ń ta á ní ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni ìyá ń jẹ ọmọ yìí mọ́lẹ̀. Ọmọ náà wá wa ayò sórí fóònù, ó sì bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n jọ máa ta á níbẹ̀. Ihò 12 kan náà ló wà lójú fóònù, ọmọ ayò 48 kan náà, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìyá mi ti mọ̀ láti kékeré ló bá pàdé níbẹ̀, kò sí òfin kankan tí ẹnikẹ́ni ní láti là yé e. Ọwọ́ nìkan ló kù tí yóò kọ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ̀ka ìbò, ayò kò sì gbéra. Ọwọ́ mi ti fẹ́ nà kí ọmọ náà tó sọ pé, “Ìyá àgbà, ẹ fọwọ́ kàn án bí ìgbà tí ẹ bá ń wò bóyá ayọ́ọ̀nù ti gbóná.” Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka ìlábẹ̀ kan ojú ihò náà, ó sì gbé ọwọ́ kúrò kíá, bí ó ṣe ti ń ṣe sí ayọ́ọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ayò túká yí ọpọ́n po. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pè é, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi í ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn eré wo ni àwọn ọmọ àti àwọn àgbà ń jọ ṣe nílé yín, kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọ́ wọn?

Bàbá Ṣómólú

O ṣeun, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gidi lo gbé kalẹ̀. Ẹni ọdún 69 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa.

Nígbà tí GSM dé orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2001, èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ mi bí a ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà ènìyàn sórí fóònù. Kì í ṣe pé orí wa kò pé. Fóònù oníbọ́tìnnì ìgbà náà máa ń dá ènìyàn lóhùn: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti gbọ́. Dígí òde òní kò wọlẹ̀, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, ẹ kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́, ẹ̀rù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà yín pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ibi tí ẹ̀rù yẹn bá ti wọlé ni ọmọ á ti gba fóònù, á ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á sì máa sọ̀rọ̀ tí àgbà kò lè bá lọ. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn kì í fẹ́ béèrè mọ́.

Àwọn ọmọ mi ń kánjú, mi ò sì bá wọn wí, nítorí Èkó kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi kò ní ibi tó ń lọ. Òun pẹ̀lú mi jọ ń ta dráfù lórí fóònù, mo ti nà án títí ó fi sunkún, òun náà sì ti rí mi tí mo ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ tí gbogbo ojú fóònù ṣókùnkùn. Nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti ṣìṣe lójú mi, kò ni mí lára kí n ṣìṣe lójú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹ mọ ìyókù.

Olùkọ́ Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú ọ̀rọ̀, bàbá wa. Mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé girama, ohun tí bàbá sì sọ nípa dígí yìí ní ìdí tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀.

Ojú fóònù òde òní kì í wo agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́. Ìyípadà kékeré tí awọ ara wa ń mú bá iná mànàmáná ojú dígí náà ló ń mọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, awọ ìka a máa gbẹ, pàápàá awọ ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, fóònù kì í sì í tètè mọ̀ pé ìka wà lórí òun. Onítọ̀hún á rò pé òun kò tẹ̀ ẹ́ tó, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, á sì pẹ́ lórí rẹ̀. Fóònù á wá kà á sí ohun mìíràn, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni fífọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni dídi ọwọ́ mú lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àmì WhatsApp fi máa ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ lórí fóònù àwọn òbí wa, tí wọn á sì ní àwọn kò ṣe é nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ pa ìka kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù Android, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Accessibility, kí ẹ sì fi kún àkókò tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ lò kó tó di dídìmú. Ẹ tan ìgbọ̀nrìrì tí fóònù máa ń gbọ̀n bí a bá fọwọ́ kàn án, nítorí òun ni yóò dípò bọ́tìnnì tó ń wọlẹ̀ tí bàbá ń wí. Ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kí ẹ sì jẹ́ kí iná ojú fóònù máa pẹ́ kó tó kú. Ìṣẹ́jú àáyá 30 kéré jù fún ẹni tó ń ronú.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì nínú yíyan eré. Ní Singapore, ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn olùwádìí kan ṣe eré tí wọ́n pè ní Age Invaders, tí ọmọdé àti àgbà jọ ń dúró sí orí pèpéle tó ń tan iná lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí òbí sì lè ti ibi iṣẹ́ bá wọn ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe é kí ẹ̀rọ náà máa fi àyè ìronú sílẹ̀ fún àgbà ju ọmọdé lọ, nítorí bí ó bá jẹ́ pé kíákíá nìkan ló ń borí, ọmọdé ni yóò máa borí títí. Àwa kò nílò pèpéle oníná. Ayò, dráfù, lúdò àti Whot máa ń dúró de ẹni tí ó kàn, ìdí sì nìyí tí mo fi gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn eré tí nǹkan ti ń sáré bọ̀ láti òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Eré kan tí mo fi ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí àwọn àgbà ilé wọn ni “Kí ni mo yà yìí?” Ọmọ á sún mọ́ nǹkan kan nínú ilé, bí etí ìkòkò tàbí ìdí odó, á ya àwòrán rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àgbà tó wà nínú yàrá kejì. Àgbà á ṣí i, á fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dá a mọ̀, á sì fi ohùn dáhùn. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, àgbà ni yóò ya àwòrán, ọmọ ni yóò sì máa wá a kiri ilé.

Ọlọ́jà Oyíǹgbò

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ eré yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, tí gbogbo ènìyàn ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ìyá mi wà ní ìsọ̀ ata rẹ̀ ní Oyíǹgbò, àwọn oníbàárà ń nà fóònù sí i pé, “Ìyá, ó ti wọlé.” Kò mọ bí a ṣe ń wò ó. Àwọn kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ hàn án, wọ́n sì gbé ọjà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó pa ìsọ̀ tì, ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mi kò nílò ayò. Bí owó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde ló nílò, kíákíá sì ni. Ẹ sọ fún mi, irú eré wo ló lè kọ́ ọ ní ìyẹn?

Ọmọ Láfíájì

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù, Olúwa á fi òmíràn rọ́pò. Mi ò ní sọ pé ẹ kò rí i dáadáa, nítorí ìyà yẹn jẹ ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìdúmọ̀tà náà.

Ohun tí mo rí ni pé ìyá mi kò lè kọ́ nǹkan owó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lórí dígí. Bí a bá fi owó gidi bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù méjì ló máa ń jà lẹ́ẹ̀kan náà: ti fóònù àti ti owó. Ayò gba ti fóònù kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la wá bẹ̀rẹ̀ eré ọjà, ìyá mi ló sì ṣètò rẹ̀. Ọmọ mi á pàtẹ pẹ́ńsù àti ìwé sórí ìjókòó, ìyá àgbà á ná an, wọn á sì fẹnu kò sí 100 náírà. Àkáǹtì tèmi ni a fi ṣe ti ọmọ. Ìyá á tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tẹ PIN títí yóò fi ka orúkọ tó jáde lójú fóònù sókè kí gbogbo wa gbọ́ ọ. Bí ó bá gbàgbé láti kà á, ọmọ ayò kan lọ. Nígbà tí wọ́n bá yí i padà tí ìyá di ẹni tó ń tà, kò gbọ́dọ̀ wo àtẹ̀jíṣẹ́ rárá. Inú àkáǹtì rẹ̀ ni yóò ti wo iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti iye tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ ránṣẹ́ sí i nínú eré náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fún ọmọ ní ọjà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó na fóònù sí mi lójú, ó ní, “Owó mi kò kúrò ní iye tó wà, gbé ìwé sílẹ̀.”

Owó díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńkì ń gbà láti fi irú owó kékeré bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, nítorí náà eré ìrọ̀lẹ́ kan kì í ná wa ju owó búrẹ́dì kékeré lọ.

Ìyá Ìbejì Èbúté Mẹ́tta

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní. Lúdò tí bàbá wa ń ta lórí fóònù, ìpolówó ọjà kì í jẹ́ kó sinmi, wọ́n sì máa ń fi àmì tí a fi ń pa á dé pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ kò lè rí. Ó ti ṣi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ owó káàdì ìpè rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni a lè ṣe?

Olùkọ́ Yábàá

Ẹ pa dátà kí ẹ tó ṣí eré náà; lúdò tí ènìyàn méjì jọ ń ta lórí fóònù kan kò nílò rẹ̀, ìpolówó tuntun kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Ní ti owó tí wọ́n ń yọ, ẹ lo kóòdù 305 láti orí nọ́ńbà bàbá kí ẹ fi dá iṣẹ́ tó ń yọ ọ́ dúró. Ẹ tún kọ́ wọn ní *310# láti mọ owó tó kù àti *323# láti mọ dátà tó kù. Kóòdù kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ọmọ bá bi bàbá ní “èló ló kù?” ní òwúrọ̀, tí bàbá sì dáhùn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bàbá jẹ ọmọ ayò kan.

Òṣìṣẹ́ Báńkì

Ọdún 14 ni mo ti wà níwájú àwọn oníbàárà, àwọn àgbà tí wọ́n ti rẹ́ jẹ sì ni ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ fún ọmọ kankan. Mo fẹ́ fi eré kan kún ti yín.

A ń pè é ní “Olè dé” nílé wa. Ọmọ á fi fóònù ẹlòmíràn pe ìyá àgbà, á yí ohùn padà, á ní láti báńkì ni òun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti káàdì rẹ̀ pa, kí ó ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn, á ní òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá, kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á fún òun. Èyí ni wọ́n fi ń gba WhatsApp lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọn á wá máa fi orúkọ onítọ̀hún tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ará. Bí ìyá bá pa ìpè náà láìka nọ́ńbà kankan, ó jẹ ọmọ ayò mẹ́ta. Bí ó bá ń ṣàlàyé fún olè ìdí tí òun kò fi ní kà á, ẹyọ kan péré ni, nítorí ibi àlàyé yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn yìí ti ń rí ọ̀rọ̀ mú. Ẹ̀kọ́ ilé wa kò jẹ́ kí àgbà pa fóònù mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lẹ́nu. Ohun tó le jù láti kọ́ wọn nìyẹn, ó sì gba kí wọ́n ṣe é léraléra kí ó tó mọ́ wọn lára.

Báńkì kankan kò ní pè yín láti béèrè PIN, OTP (nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín) tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì. Ẹ bá wọn fi PIN kejì sórí WhatsApp pẹ̀lú, nínú ètò àkáǹtì rẹ̀, kí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan má baà tó olè.

Bàbá Ṣómólú

Eré yìí dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀. Ẹ má ṣe é fún àgbà láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé eré ń bọ̀. Ẹ sọ fún un pé, “Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, olè kan á pè yín,” kí ẹ má sì sọ ọjọ́. Bí ẹ bá tàn án jẹ ní òjijì, tí ẹ wá ń rẹ́rìn-ín, ó lè má fọwọ́ kan fóònù náà mọ́, kò sì ní sọ ìdí fún yín.

Òṣìṣẹ́ Báńkì

Ẹ ṣeun, bàbá. Òótọ́ ni, a ó sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pinnu pé ìyá tàbí bàbá kò lè kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú wọn wò. Mo ti rí ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń bá wí pé kò fọkàn sí i, tó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ó ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí fóònù jókòó sórí tábìlì, kó má fọwọ́ mú un. Ìdajì wákàtí sì tó lẹ́ẹ̀kan, kí ọrùn má baà máa dùn wọ́n.

Ọlọ́jà Oyíǹgbò

Mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ó yẹ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìyá mi kò ta ayò rí, Whot ni òun àti ọmọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, torí pé ó mọ àwòrán ara káàdì náà láti ìgbà tí a wà ní kékeré. Ọjọ́ kẹfà ló mọ bí a ṣe ń fa káàdì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn náà la ṣe eré ọjà yín. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, oníbàárà kan ní owó ti wọlé, ìyá mi ní kó dúró, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ṣí àkáǹtì, ó rí i pé kò tíì dé. Àwọn méjèèjì dúró níbẹ̀ títí ó fi dé. Oníbàárà náà kò purọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló falẹ̀. Ìyá mi sì fi ata méjì ṣe ènì fún un.

Ọmọ Láfíájì

Inú mi dùn púpọ̀ sí èyí. Ẹ bá mi kí màmá dáadáa.

Tiwa nìyí. Ọmọ mi ti padà sọ́dọ̀ wa, ilé ìwé ti wọlé, mo sì ń bẹ̀rù pé ìyá mi yóò gbé fóònù jù sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá eré tó kàn. Àlọ́ àpamọ̀ ló ń fi ohùn gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní gbogbo alẹ́, ó ti mọ bí a ṣe ń fa àmì gbohùngbohùn náà sókè kó lè dúró fúnra rẹ̀ láìdì í mú, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ fi ohùn dáhùn kí ó tó lọ sí ilé ìwé. “Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́” ni ti ọjọ́ Ajé. Ó rò ó títí ó fi mọ̀ pé ahọ́n ni. Ti alẹ́ àná ni “Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn.” Kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un nígbà tí mo ń di irun rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ni fóònù mi bá dún. Ohùn ìyá mi ni: “Mo mọ̀ ọ́. Má bá a dá a lóhùn. Jẹ́ kó wá a fúnra rẹ̀.”